Fífi Ímeèlì Ránṣẹ́ Láti Ojú Àṣẹ Kọ̀ǹpútà, àti Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ̀ Ọ́n

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Accra

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo gbé tọ̀ yín wá lónìí. Mo fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, kí ó kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ímeèlì náà sì gbéra, láìsí àwòrán, láìsí bọ́tìnì, láìsí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kankan tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ wa tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà jẹun mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwa gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́: ẹni tí ó bá so owó ẹyọ méjì tí ó kọjú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ó bá so méjì tí ó kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni ó gbé kalẹ̀. Ẹni tí ń gbé àrokò náà lọ kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbé e dé ibi tí a rán an. Nígbà tí òwò kó wa dé Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí, lẹ́tà rọ́pò àrokò, ẹni tí ó bá sì ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ láti Accra gba Lomé, gba Kútọnu, dé Èkó, ni a ń di í lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi gba ìwé tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn, gbogbo ẹni tí ó ní ará níhà méjèèjì ni ó mọ̀ pé lẹ́tà tí kò bá tètè dé lè bá ilé òfìfo. Láti ìgbà àrokò títí dé ìgbà ọkọ̀ akẹ́rù, òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́: iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkọ lẹ́tà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni gbígbé e. Ẹ di òfin yìí mú, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ní ọdún 1971, ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ray Tomlinson rán iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, òun ni ó sì mú àmì @ tí ó ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ tí ó ti ń gba lẹ́tà. Ní ọdún kan náà, nínú ìwé ìlànà àkọ́kọ́ tí a kọ fún Unix, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell, àṣẹ kan ti wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mail. Ní ọdún 1978, Kurt Shoens ní yunifásítì Berkeley tún un ṣe, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, irú-ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ni ó wà lórí ẹ̀rọ Linux àti Mac títí di òní. Ẹ rí i pé kò sí àwòrán kankan lójú àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà, àfi lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ojú àṣẹ ni a ti bí ímeèlì. Àwọn ojú-ewé aláràbarà tí àwọn ọmọ wa mọ̀ lónìí, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Bí ẹ bá ṣí ojú àṣẹ, ẹ ó sábà rí àmì dọ́là tí ó dúró tí ó ń retí yín. Ẹ ó tẹ èyí:

mail -s "Ìpàdé ẹgbẹ́" akowe@example.com

Mail ni orúkọ ètò tí a ń pè. -s ń sọ fún un pé àkọlé lẹ́tà ni ó tẹ̀lé e. Àmì àyọlò tí ó yí àkọlé náà ká ni ó di ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé bí a bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ yóò mú ọ̀rọ̀ kìíní ní àkọlé, yóò sì ka ọ̀rọ̀ kejì sí ẹlòmíràn tí a fẹ́ kọ̀wé sí. Lẹ́yìn náà ni àdírẹ́sì ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá. Bí ẹ bá ti tẹ Enter, ojú àṣẹ yóò bọ́ sí ìlà òfìfo, ẹ ó sì máa kọ ọ̀rọ̀ yín lọ ní ìlà-ìlà. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, ẹ ó fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sí orí ìlà tirẹ̀, ẹ ó tẹ Enter. Bí ètò tiyín kò bá gba èyí, ẹ ó di Ctrl mú kí ẹ sì tẹ D lórí ìlà òfìfo. Àmì dọ́là yóò padà yọjú. Ẹ̀rọ kò ní kí yín kú iṣẹ́, kò sì ní sọ pé òun ti gbà á. Nínú ìdílé àwọn ètò wọ̀nyí, ẹni tí ó bá dákẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ dára, ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ sínú fáìlì kan, ìlà kan péré ti tó:

mail -s "Ìròyìn oṣù yìí" akowe@example.com < iroyin.txt

Ọfà kékeré tí ó kọjú sí apá òsì yẹn ni ó gbé ohun tí ó wà nínú fáìlì fún ètò náà, bí ẹni pé ọwọ́ yín ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra ni ọ̀rọ̀ fífi fáìlì mọ́ lẹ́tà. Ètò tí ń jẹ́ mail kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdílé ni wọ́n, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Nínú èyí tí a ń pè ní s-nail, -a ni a fi ń so fáìlì mọ́ lẹ́tà; nínú bsd-mailx tí ó wà lórí Debian, -a kan náà ń kọ ìlà kan kún orí lẹ́tà ni, kò so nǹkan kan mọ́ ọn; nínú ti GNU, A ńlá ni ó ń so fáìlì. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé òun ti fi ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà lásán ni ó lọ. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ tẹ man mail, ìwé ìlànà tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín gan-an yóò ṣí, yóò sì sọ irú ilé tí ẹ wà nínú rẹ̀ fún yín. Bí fáìlì bá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín, ẹ lo mutt, tí Michael Elkins kọ ní ọdún 1995, ohun tí a kọ́ nípa àkọlé àti àdírẹ́sì kò sì ní yí padà púpọ̀.

Mo ti ní kíkọ lọ́tọ̀, gbígbé lọ́tọ̀. Mail tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yìí, akọ̀wé ni. Kì í rin ìrìn-àjò. Bí a bá ti parí lẹ́tà, yóò gbé e fún alágbèéká, ètò tí ń gbé lẹ́tà kiri, èyí tí ó lè jẹ́ sendmail tí Eric Allman kọ ní Berkeley, tàbí Exim tí Philip Hazel kọ ní yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1995, tàbí Postfix tí Wietse Venema kọ. Alágbèéká yìí ni yóò wá ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà fún àdírẹ́sì náà kàn, àwọn méjèèjì yóò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà tí Jon Postel là sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1982. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì lẹ́sẹẹsẹ bí ìkíni láàárín àgbà méjì. Ẹ̀rọ tí ń gbàlejò yóò kọ́kọ́ sọ 220, èyíinì ni pé òun wà nílé. Àlejò yóò dáhùn pé HELO, yóò sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Onílé yóò ní 250, ó gbọ́. Àlejò yóò ní MAIL FROM, kí ó sọ ẹni tí ó rán òun, 250. Yóò ní RCPT TO, kí ó sọ ẹni tí a rán òun sí, 250. Yóò ní DATA. Onílé yóò ní 354, máa kà á lọ. Gbogbo lẹ́tà yóò wọlé, yóò sì parí pẹ̀lú àmì ìdánudúró kan ṣoṣo lórí ìlà tirẹ̀, èyí tí ó jọ àmì tí àwa náà fi parí lẹ́tà tiwa lójú àṣẹ. 250, mo gbà á. QUIT, ó dàbọ̀. 221, ó dàbọ̀ o.

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú nínú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2, ọ̀rọ̀ ti dára. Bí ó bá jẹ́ 5, onílé ti kọ̀ jálẹ̀, lẹ́tà yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àlàyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 4, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àlejò lọ kí ó padà wá. Bí kò bá sì sí ọ̀nà rárá láti dé ilé onílé, bákan náà ni. Nígbà náà, alágbèéká yóò gbé lẹ́tà sí ìlà ìdúró, yóò máa padà lọ kan ilẹ̀kùn láti ìgbà dé ìgbà, òfin tí wọ́n kọ fún un sì ni pé kò yẹ kí ó jáwọ́ kí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún tó pé. Bí ẹ bá tẹ mailq, ẹ ó rí gbogbo lẹ́tà tí ó ṣì wà ní ìdúró, àti ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi tíì lọ. Sùúrù ni baba ìwà. Orí sùúrù ni a kọ́ ilé ímeèlì lé.

Sùúrù yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ gbé ímeèlì dé ilẹ̀ Áfíríkà. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ohun tí ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ, ọ̀nà Fido, tí Tom Jennings dá sílẹ̀ ní ọdún 1984, ni ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ yìí gbà: a ó kọ lẹ́tà láìsí wáyà kankan, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, módẹ́ẹ̀mù yóò sì pe ẹ̀rọ òkèèrè lórí tẹlifóònù, wọn yóò pààrọ̀ ẹrù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀ kí owó má baà pọ̀ jù. Báyìí ni yunifásítì Rhodes ní Grahamstown ní Gúúsù Áfíríkà ṣe ń bá ayé sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí ó wà nílé Randy Bush ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, báyìí sì ni GreenNet ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń gba lẹ́tà fún àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Ní ìlú Accra tí a wà yìí, ẹni tí a kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dárúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní yunifásítì Cape Coast ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Network Computer Systems tí ó darí ní Accra sì so Gánà pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1995, tí orílẹ̀-èdè yìí fi wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní gúúsù Sàhárà. Kò sì fi ọgbọ́n náà ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ó wà nídìí ẹgbẹ́ AfNOG, tí ó ń kọ́ àwọn ẹlẹ́rọ ilẹ̀ Áfíríkà ní bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀rọ alágbèéká lẹ́tà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn lójú àṣẹ, tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Cape Town ní ọdún 2000, tí wọ́n sì wá sí Accra níhìn-ín ní ọdún 2001. Ní ọdún 2007, àmì-ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ Jon Postel sọ, Postel tí ó la ọ̀rọ̀ HELO àti QUIT sílẹ̀, ọmọ Gánà yìí ni a gbé e lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rò pé ọgbọ́n ojú àṣẹ kò kan Áfíríkà, kí ó ronú sí èyí.

Ní ọdún 2001 kan náà ni BusyInternet ṣí sílẹ̀ ní Ring Road, ilé ńlá tí ó ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀dọ́ Accra sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìran kan ti dìde tí ó mọ ímeèlì gẹ́gẹ́ bí ojú-ewé tí a ń ṣí, tí kò mọ̀ pé alágbèéká kan wà lẹ́yìn ojú-ewé náà. Ohun tí àìmọ̀ yìí ń náni hàn gbangba ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ja lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì Gánà, ti Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà lójú-ewé nílò kí ọ̀nà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ní àkókò tí ó ń kọ ọ́ gan-an. Bí ọ̀nà bá dí, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tí ó ní alágbèéká lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè kọ ogún lẹ́tà ní ọjọ́ tí kò sí ọ̀nà, kí ó sì dìde lọ jẹun; wọn yóò wà ní ìlà ìdúró, wọn yóò sì lọ bí ọ̀nà bá là. Bí dumsor bá sì dé, tí iná lọ tí ẹ̀rọ kú, orí dísìkì ni ìlà ìdúró náà wà. Bí iná bá padà, alágbèéká yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Mo ní kí ẹ sọ fún mi, ìlú wo ni ó nílò irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan èdè wa. Àwọn tí ó ṣe ìlànà ASCII ní ọdún 1963 ní ààyè 128 péré, kò sì sí ibi tí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn lè jókòó sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ààyè fún ɛ, ɔ àti ŋ tí àwọn ará Gã tí a bá nílé fi ń kọ èdè tiwọn. Ọdún 1992 ni ilẹ̀kùn ṣí: Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde, tí ó jẹ́ kí lẹ́tà lè kéde irú ọ̀rọ̀ tí ó gbé, Ken Thompson, tí a ti dárúkọ rẹ̀ nídìí Unix, sì jókòó pẹ̀lú Rob Pike, wọ́n ṣe UTF-8, tí ó gba gbogbo èdè. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ Yorùbá ránṣẹ́ lójú àṣẹ, ẹ tẹ locale kí ẹ sì wò ó bóyá UTF-8 wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, àmì ìbéèrè ni ẹni tí ẹ kọ̀wé sí lè máa rí níbi tí ó yẹ kí ó ti rí ẹ àti ọ. Ẹni tí ó mọ èyí ni ó lè gbèjà èdè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa kọ Yorùbá tí ó fá lórí, yóò sì rò pé ẹ̀rọ ni kò gba tiwa.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó korò. Nínú ìkíni tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, onílé a máa gba ohun tí àlejò bá sọ nípa ẹni tí ó rán an gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè dúró lójú àṣẹ kí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá báǹkì. Ihò yìí ni àwọn oníjìbìtì gbà wọlé, àwọn tí Gánà ń pè ní ọmọ sakawa, tí Nàìjíríà ń pè ní ọmọ yahoo, tí wọ́n sì ti ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ wá. Láti dí ihò náà ni a fi ṣe SPF, DKIM àti DMARC, tí ń jẹ́ kí onílé lè wádìí bóyá ẹ̀rọ tí ó mú lẹ́tà wá ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ tí ó dá. Irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: ẹ ṣí orí lẹ́tà tí ẹ bá fura sí, ẹ ka àwọn ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Received láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ó sì rí ibodè tí lẹ́tà náà sọ pé òun gbà. Ìlà òkè, tí ẹ̀rọ tiyín kọ, ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Oníjìbìtì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn ti ìsàlẹ̀.

Nítorí àwọn oníjìbìtì kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í fẹ́ gba lẹ́tà tààrà láti orí kọ̀ǹpútà inú ilé mọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ jẹ́ kí alágbèéká kékeré, irú msmtp, gbé lẹ́tà fún ilé-iṣẹ́ tí ó fún yín ní àdírẹ́sì, kí ó gba ojú ọ̀nà 587, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà hàn. Ṣùgbọ́n msmtp fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ìlà ìdúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ sùúrù tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, kí ó lo Postfix lọ́nà kan náà. Ẹ má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sára àṣẹ, nítorí ojú àṣẹ a máa rántí gbogbo ohun tí a bá sọ fún un. Inú fáìlì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fi chmod 600 tì í, kí ojú ẹlòmíràn má baà tó o.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé fóònù ti wà, pé WhatsApp ti wà. Mo gbà pé wọ́n wà, mo sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni WhatsApp. Ímeèlì kò ní olúwa kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìkíni Postel lè gbé alágbèéká tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí mo ń wí yìí sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Òun ni cron, ètò tí ń ṣiṣẹ́ ní àsìkò tí a bá dá fún un, fi ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá ẹ̀rọ ní òru pé iṣẹ́ kan parí tàbí pé ó kùnà. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi lè kọ lẹ́tà owó oṣù lẹ́ẹ̀kan, kí ó ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú fáìlì, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rán an sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àdírẹ́sì ẹnìkejì.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Nínú àwọn kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀ tí a ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan kalẹ̀, kí a fi Linux sí i, kí a sì kọ́ wọn ní àṣẹ yìí. Kò gba owó púpọ̀, kò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára. Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ jẹ́ ti Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, kí ó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé; kí ó wo mailq bí kò bá tètè lọ, kí ó sì lè ṣàlàyé fún olùkọ́ rẹ̀ ohun tí ó dá a dúró. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀nà tí lẹ́tà rẹ̀ ń gbà, kò sẹ́ni tí yóò lè fi lẹ́tà ayédèrú tàn án bọ̀rọ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí yóò lè tì í mọ́ inú ọgbà tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.